Ẹ Má Ṣe Fi Omi Du Ọmọ Tí Ara Rẹ̀ Kò Yá

Ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì kan bá àwọn òbí sọ níbi ìpàdé ìdílé

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún 5 ni mo bá wá. Ìgbẹ́ gbuuru, ibà àti otútù àyà wà lára àwọn àìsàn tó ń pa wọ́n jù. Bẹ́ẹ̀ ni a sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú gbogbo wọn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ara mi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn kan, ìyá kan gbé ọmọ olóṣù mẹ́sàn-án wá. Ọmọ náà ń yàgbẹ́ gbuuru, ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣeré. Èmi ni mo jókòó sídìí tábìlì. Owó káàdì kò pé lọ́wọ́ ìyá yìí, mo sì ní kó lọ wá a wá, nítorí bẹ́ẹ̀ ni òfin ibẹ̀ wí. Ọjọ́ kẹta ló tó padà dé. Owó ti pé, ṣùgbọ́n ojú ọmọ ti jìn wọnú, ó ń sunkún láìsí omijé. A béèrè ohun tí ọmọ ń mu. Ìyá ní wọ́n sọ fún òun nílé pé omi ló ń di ìgbẹ́, kí òun má fún un lómi mọ́, pé eyín ló fẹ́ hù. Ọmọ náà kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Ohun tó nílò lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá kò tó owó káàdì. Ìyá náà kò mọ̀. Èmi mọ̀, n kò sì sọ fún un. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá ti fún mi láyè.

Ẹ gbọ́ o. Nínú ìgbẹ́ gbuuru, omi àti iyọ̀ tó ń jáde lára ọmọ ló máa ń pa á. Bí korobá bá ń jò, tí a kò sì bu omi sí i mọ́, ṣé ihò rẹ̀ ti dí nìyẹn? Lọ́dún 1971, nígbà ogun tó bí orílẹ̀-èdè Bangladesh, àrùn onígbáméjì bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn tó sá wọ Íńdíà. Omi dírípù kò tó. Dókítà Dilip Mahalanabis ní kí wọ́n po iyọ̀ àti ṣúgà mọ́ omi, kí àwọn ẹbí aláìsàn máa fún wọn mu. Tẹ́lẹ̀, nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 30 ló ń kú. Lẹ́yìn náà, àwọn tó ń kú nínú 100 kò tó 4. Ọwọ́ ìyá, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n, ọwọ́ ẹbí ló ṣe iṣẹ́ náà.

Nítorí náà, bí ọmọ bá ń yàgbẹ́ gbuuru, ẹ ra ORS, kí ẹ sì po gbogbo ohun tó wà nínú ọ̀rá náà mọ́ ìwọ̀n omi mímọ́ tí wọ́n kọ sára rẹ̀. Bí ẹ kò bá rí i rà, ẹ wọn omi mímọ́ lítà 1, ẹ fi ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì 6 sí i, kí ojú ṣíbí tẹ́ pẹrẹsẹ, àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpo-tíì. Iyọ̀ kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ṣíbí tàbí ife máa fún un díẹ̀díẹ̀ lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá ṣẹ́ kù di ọjọ́ kejì, ẹ dà á nù. Ẹ béèrè oògùn zinc pẹ̀lú, kí ọmọ lò ó fún ọjọ́ 10 sí 14, kódà bí ìgbẹ́ bá ti dá. Ẹ má dá ọmú dúró, ẹ má sì dá oúnjẹ dúró.

Ọ̀rọ̀ eyín ńkọ́? Eyín kì í fa ìgbẹ́ gbuuru, kì í sì í fa ibà líle. Láàárín ọdún 2008 sí 2009, oògùn eyín kan tí májèlé ti wọ̀ pa ọmọ tó lé ní 80 ní Nàìjíríà. Àwọn ìyá tó fẹ́ràn ọmọ wọn ló fún wọn mu. Ẹ má ra oògùn eyín.

Tó bá jẹ́ pé ara ọmọ ń gbóná, ẹ bọ́ aṣọ tó nípọn kúrò lára rẹ̀, ẹ fún un ní parasitamọ́ọ̀lù ní ìwọ̀n tó yẹ ọjọ́ orí rẹ̀, kí ẹ sì gbé e lọ kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn. Bí gìrì bá mú un, ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀. Ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fún un ní ìtọ̀ màlúù, ẹ má sì ti ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ.

Bí ọmọ bá ń wúkọ́, ẹ ṣí aṣọ rẹ̀ nígbà tí kò bá sunkún, kí ẹ ka bí ó ṣe ń mí fún odindi ìṣẹ́jú 1. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 2, bí ó bá pé 60. Ọmọ oṣù 2 títí dé oṣù 11, bí ó bá pé 50. Ọmọ ọdún 1 sí 5, bí ó bá pé 40, ó lè jẹ́ otútù àyà. Bí ìsàlẹ̀ àyà rẹ̀ bá ń wọnú nígbà tó ń mí, ẹ má dúró rárá.

Àwọn àmì yìí náà kò gba ìdúró: ọmọ tí kò lè mu ọmú tàbí omi; ọmọ tó ń bi gbogbo ohun tó bá jẹ; ọmọ tí gìrì mú; ọmọ tó ń sùn tí kò ṣeé jí; ọmọ tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀. Ẹ máa fún ẹni tó bá lè mu lómi lójú ọ̀nà. Ẹ máa gbàdúrà lójú ọ̀nà pẹ̀lú.

Ẹ̀yin bàbá, ẹ má jẹ́ kí ìyàwó yín máa dúró gba àṣẹ kó tó gbé ọmọ lọ. Ẹ fi owó sílẹ̀ nílé, ẹ sì sọ fún un pé àṣẹ ti wà. Ẹ rí i pé ọmọ gba gbogbo àjẹsára rẹ̀. Láti ọdún 2022 ni ti rotavirus, tí a ń kán sí ọmọ lẹ́nu láti dènà irú ìgbẹ́ gbuuru kan tó burú, ti wà lára àjẹsára ọ̀fẹ́ ní Nàìjíríà.

Ẹ̀yin ìjọ, ọmọ tálákà ni ọ̀rọ̀ owó káàdì máa ń pa. Jákọ́bù orí kejì bi wá léèrè àǹfààní tó wà nínú pé a kí ẹni tí ebi ń pa, tí a kò sì fún un ní nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí ORS àti zinc wà nílé ìjọsìn wa. Ẹ jẹ́ kí a dá owó káàdì jọ sí àpò kan. Kí àwọn tó ní ọkọ̀ sì fi orúkọ sílẹ̀, kí ìyá mọ ẹni tí yóò pè lóru.

Ẹ rántí Hágárì nínú aginjù. Nígbà tí omi rẹ̀ tán, ó gbé ọmọ sábẹ́ igbó, ó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń sunkún. Ọlọ́run la ojú rẹ̀, ó rí kànga. Hágárì fúnra rẹ̀ ló dìde, ló pọn omi, ló fún ọmọ mu. A ti rí kànga tiwa. Bí ẹ bá délé lálẹ́ yìí, ẹ wò ó bóyá ṣúgà, iyọ̀ àti omi mímọ́ wà nílé, kí ẹ sì kọ́ aládùúgbò kan bí a ṣe ń pò ó.

Ọlọ́run yóò bá wa wo àwọn ọmọ wa.