Labalábá Sísìn àti Igbó Tí Ó Kù
(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù)

Ó ṣeé ṣe kí ẹlòmíràn nínú yín ti rẹ́rìn-ín nígbà tí ó gbọ́ àkọlé ọ̀rọ̀ wa. Àgbà ha lè jókòó láàárín ìlú kí ó máa sọ̀rọ̀ labalábá, ohun tí ọmọdé ń lé kiri? Àwọn baba wa pàápàá kò kà á kún. Wọ́n ní labalábá fi ara rẹ̀ wé ẹyẹ, kò lè ṣe ìṣe ẹyẹ. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà ní ilẹ̀ Adúláwọ̀ tí ó jẹ́ pé labalábá ni wọ́n fi ń san owó ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ wọn. Ọ̀ràn igbó sì ni, ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n.

Ní etí òkun ilẹ̀ Kẹ́ńyà, lẹ́bàá ìlú Malindi, igbó kan wà tí à ń pè ní Arabuko-Sokoke. Ó fẹ̀ tó 420 kìlómítà níbùú lóròó, òfin ìjọba sì ń ṣọ́ ọ. Àwọn onímọ̀ fẹ́ràn igbó náà nítorí àwọn ẹyẹ àti ẹranko rẹ̀ tí ó ṣọ̀wọ́n. Ṣùgbọ́n kí ni ti àgbẹ̀ tí oko rẹ̀ wà létí igbó? Erin ń jáde wá jẹ àgbàdo rẹ̀, ọ̀bọ ń ba oko rẹ̀ jẹ́, bí òun náà bá sì wọlé lọ gé igi, aṣọ́gbó yóò mú un. A kò lè bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ wí bí ó bá ní kí a pa igbó run kí a pín ilẹ̀ rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn sì ti wí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1993 ni a dá iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbẹ̀ tí a sọ ní Kipepeo, èyí tí í ṣe labalábá ní èdè Swahili. Gede, níbi àwókù ìlú àtijọ́ kan, ni ibùjókòó rẹ̀. Àgbẹ̀ a mú àwọ̀n wọ igbó, tàbí kí ó fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti kan dẹ pàkúté. Abo labalábá tí ó bá mú, a fi í sínú àgò aláwọ̀n, pẹ̀lú ewé tí àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ ni ọgbọ́n iṣẹ́ náà wà. Kòkòrò ajẹwé kì í jẹ ewé gbogbo. Ẹ̀yin tí ẹ gbin ọsàn sẹ́yìn ilé ti rí irú kan tí ó dà bí ìgbẹ́ ẹyẹ nígbà tí ó kéré, tí ó sì di aláwọ̀ ewé nígbà tí ó dàgbà; bí ẹ bá gbé e sórí ewé iṣu, ebi ni yóò pa á. Nítorí náà àgbẹ̀ ní láti mọ igi tí labalábá kọ̀ọ̀kan fẹ́, kí ó sì gbìn ín sí àyíká ilé. Níbo ni yóò ti rí irúgbìn rẹ̀? Inú igbó ni. Níbo ni yóò ti rí abo mìíràn nígbà tí ìran ti inú àgò bá rẹ̀yìn? Inú igbó náà ni. Báyìí ni ẹni tí ó ń fẹ́ kí igbó parun àná ṣe di ẹni tí ń bá aṣọ́gbó ṣọ́ ọ.

Nígbà tí kòkòrò bá yó, yóò so ara rẹ̀ rọ̀, yóò sì wé ara rẹ̀ sínú èèpo, kò ní jẹun mọ́. Ẹ jẹ́ kí a pè é ní ìdì. Ìdì yìí ni ọjà. Kí labalábá tó jáde, wọ́n ti fi ọkọ̀ òfurufú kó o lọ sí Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, níbi tí àwọn Òyìnbó ti kọ́ ilé dígí gbígbóná, tí wọ́n ń sanwó láti wo labalábá ilẹ̀ olóoru nígbà tí òtútù ń mú lóde. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ ni labalábá ń lò láyé, nítorí náà onílé dígí kò lè rà lẹ́ẹ̀kan kí ó dákẹ́. Ní Papua New Guinea pẹ̀lú, ní 1978, a dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ ní Bulolo láti máa ra kòkòrò lọ́wọ́ ará oko.

Ṣùgbọ́n a kò wá síhìn-ín láti ta àlá fún yín. Ọjà tí gbogbo oníbàárà rẹ̀ wà lókè òkun, ọwọ́ ẹlòmíràn ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Ní òkè Usambara ní Tàǹsáníà, àwọn ará abúlé àgbègbè Amani ti ṣe iṣẹ́ yìí kan náà. Ní 2016 ìjọba wọn fi òfin de kíkó ẹranko igbó láàyè lọ sí òkè òkun, òfin náà sì mú labalábá mọ́ ọ̀bọ àti ẹyẹ. Ẹni tí ó ti gbin igi, tí ó ti kan àgò, kò rí ẹni tí yóò ta ìdì fún. Ní 2020, àrùn Kòrónà ti àwọn ilé dígí pa.

Ní tiwa ńkọ́? Àwọn baba wa ti mọ owó inú kòkòrò tipẹ́. Sányán ni baba aṣọ, ara kòkòrò ni a sì ti ń rí i. Kì í ṣe labalábá gan-an, ìbátan rẹ̀ tí ń fò lóru ni. Àwọn ọmọ rẹ̀ a kó ara jọ lórí igi, wọ́n a hun ilé kan ṣoṣo fún gbogbo wọn. Àwọn Hausa ń fi orúkọ kan náà, tsamiya, pe igi àjàgbọn àti òwú náà. A óò ká ilé yìí, a óò sè é nínú omi eérú kí oje tí ó lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lè yọ́, a óò fọ̀ ọ́, a óò sì ran án. Irun kòkòrò náà a máa yún ni lára. Kì í ṣe iṣẹ́ ọ̀lẹ. Ẹ má bínú sí wa, ẹ̀yin ìjòyè, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní sányán lónìí, òwú lásán tí a pa láró ni.

Iyàtọ̀ tí ó wà láàárín sányán àti ìdì Kẹ́ńyà ni pé ẹ̀yin gan-an ni oníbàárà sányán. Kò sí òfin òkè òkun tí ó lè ti ọjà náà. Ohun tí ó kù ni igi àti ẹni tí yóò tọ́jú kòkòrò lórí rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àwọn ará Arabuko-Sokoke ti ń ṣe. A dá a lábàá pé kí Ẹgbẹ́ yan ènìyàn mẹ́ta lọ sí Ìsẹ́yìn, kí wọ́n bi àwọn ahunṣọ àgbà léèrè igi tí wọ́n ti ń ká ilé sányán rí, àti ibi tí ó ṣẹ́kù sí. A sì bẹ ẹ̀yin olóyè tí igbó wà lábẹ́ yín pé kí ẹ má ṣe fọwọ́ sí ìwé agégẹdú kankan títí ìròyìn wọn yóò fi dé ìpàdé yìí.