Ègbè Inú Òkùnkùn: Òǹwòran àti Sinimá Yorùbá Àtijọ́



Kókó ọ̀rọ̀ mi kò ju ẹyọ kan lọ: nígbà tí ilé sinimá kógbá sílé nílẹ̀ Yorùbá, kì í ṣe fíìmù nìkan ni a pàdánù, a pàdánù òǹwòran pẹ̀lú.

Ní 1976 ni Ọlá Balógun gbé Àjàní Ògún jáde. Ìjà Òmìnira, tí a fà yọ láti inú ìwé Adébáyọ̀ Fálétí, Ọmọ Olókùn Ẹṣin, tẹ̀ lé e ní 1979. Inú ẹgbẹ́ eré alárìnjò ni ọ̀pọ̀ òṣèré ìgbà náà ti wá. Nítorí náà, bí wọ́n ti ń gbé eré kiri ni wọ́n ṣe gbé fíìmù kiri, láti ìlú dé ìlú.

Ọmọdé ni mí nígbà tí mo wo Ọ̀run Móoru, fíìmù Bàbá Sàlá tí ó jáde ní 1982. Ariwo inú gbọ̀ngán ni mo rántí ju àwòrán lọ. Bí ewu bá ń bọ̀ wá bá òṣèré, àwọn ìyá yóò ké sí i pé kí ó sá. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ òwe, ẹnìkan yóò ti bá a parí rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Kí ni èyí bí kò ṣe ègbè àlọ́? Apàlọ́ kì í dá orin ara rẹ̀ gbè.

Òkè òkun ni a ti ń fọ fíìmù. Nígbà tí náírà já wálẹ̀ lẹ́yìn 1986, apá kò ká a mọ́. Àwọn tí ń ṣe àdàkọ fídíò láìgbàṣẹ ti ba ọjà Ọ̀run Móoru jẹ́ ṣáájú. Ìbẹ̀rù olè sé ènìyàn mọ́lé lálẹ́. Ilé sinimá mìíràn di ṣọ́ọ̀ṣì.

N kò wí pé àná dára ju òní lọ: àga a máa fọ́, iná a sì máa lọ. Ilé sinimá tuntun sì wà ní àwọn ìlú ńlá. Ṣùgbọ́n wẹ́lo ni a ń wòran níbẹ̀. Lórí fóònù, oníkálukú ń dá tirẹ̀ wò.

A ń wá fíìmù àtijọ́ kiri, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ta ni ń gba ohùn òǹwòran sílẹ̀? Wọ́n ti ń darúgbó. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ lọ bi àwọn òbí yín àgbà pé: nígbà tí òṣèré sọ báyìí, kí ni ẹ dá a lóhùn? Èsì náà, lítíréṣọ̀ ni.