Ẹ̀kọ́ Ìṣeéṣe àti Àwọn Ọmọ Tí Ẹ̀rù Ìṣirò Ń Bà



Àwọn ọmọ wa kan wà tí wọ́n lè ṣírò ṣéńjì fún oníbàárà lọ́jà láìmú bírò lọ́wọ́, síbẹ̀ tí àyà wọn ń já bí a bá dárúkọ ìṣirò ní kíláàsì. Bí ìṣirò kò bá sì dára nínú ìdánwò WAEC, ilẹ̀kùn yunifásítì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣí, títí kan ti èyí tí ó wà ní Òkìtìpupa níhìn-ín.

Lára ohun tí ó ń dẹ́rù bà wọ́n ni ẹ̀kọ́ ìṣeéṣe, èyí tí í ṣe wíwọn bí ó ti ṣeé ṣe tó kí nǹkan ṣẹlẹ̀. Kí a má parọ́, àwa olùkọ́ jẹ̀bi níbẹ̀. Òfin ni a kọ́kọ́ ń kọ sí ojú pátákó, kí ọmọ tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun.

Ọ̀nà tí a rí pé ó sàn jù nìyí. A gé páálí 2, a kun ojú kan ọ̀kọ̀ọ̀kan ní funfun, a kun èkejì ní dúdú. A bi àwọn ọmọ ní iye ọ̀nà tí páálí méjèèjì lè gbà balẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn á ní 3: funfun méjèèjì, dúdú méjèèjì, tàbí ọ̀kan funfun, ọ̀kan dúdú. A kì í bá wọn wí. A ní kí wọ́n jù ú ní ìgbà 100, kí wọ́n máa kọ ọ́ sílẹ̀. Wọn a rí i pé aláwọ̀ méjì wá nǹkan bí ìgbà 50, àwọn 2 yòókù sì pín ìyókù. Nígbà náà ni a ó kọ A sára páálí kan, B sára èkejì, tí wọn yóò sì rí i fúnra wọn pé ọ̀nà 4 ni: A lè funfun kí B dúdú, A sì lè dúdú kí B funfun. Ọmọ tí ó bá ṣì í kò gbọdọ̀ tijú. Ní 1754, d'Alembert, ọ̀gá nínú ìṣirò ní ilẹ̀ Faransé, ka 3 níbi tí 4 wà nígbà tí ó ń kọ̀wé lórí owó tí a jù lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀ àwọn baba wa pẹ̀lú. Èso 8 ni ó wà lára rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní inú àti ẹ̀yìn. Èso kan, ọ̀nà 2. Èso méjì, 4. Bí a ti ń sọ ọ́ di ìlọ́po méjì ni ó ń di 8, 16, 32, 64, 128, títí ó fi di 256. Iye odù Ifá nìyẹn. A kò ní kí ọmọ ẹnikẹ́ni lọ dífá. A fẹ́ kí ó mọ̀ pé ìṣirò kì í ṣe àlejò nílé wa. Èdè wa pàápàá tó fi kọ́ ọ. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ti fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò.

Ọ̀rọ̀ yìí kọjá ìdánwò. Àwọn ọ̀dọ́ wa ń kó owó lọ sí ilé tẹ́tẹ́, wọ́n ń wí pé, "Mo ti pàdánù lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà á jẹ." Páálí kì í rántí àná. Bí ó bá fi dúdú balẹ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹ̀ẹ̀kẹfà ṣì jẹ́ ọ̀kan nínú méjì. Ọmọ tí ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ rí èyí kò ní rọrùn láti tàn jẹ.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ fi alẹ́ kan nínú ọ̀sẹ̀ jókòó ti ọmọ yín pẹ̀lú páálí 2. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, bí ẹ bá ń fi ìwé ránṣẹ́ sí ilé ìwé wa, ẹ fi dáìsì lúdò díẹ̀ kún un. Ohun kékeré ni, ṣùgbọ́n èrè rẹ̀ pọ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ilẹ̀ Ìkálẹ̀ máa gbèrú sí i.