Ekòló, Aràn àti Sòbìà: Ìmọ̀ tí ó Wà nínú Orúkọ



Ẹni tí ó bá fẹ́ fi ìwọ̀ pẹja ní etí ọ̀sà Ìpakodò a kọ́kọ́ wa ilẹ̀ tútù láti wá ekòló. Bí inú bá ń run ọmọ rẹ̀, aràn ni yóò fura sí. Orúkọ kan ṣoṣo ni èdè Gẹ̀ẹ́sì fi kó àwọn méjèèjì pọ̀; Yorùbá yà wọ́n nípa ibùgbé àti ìwà wọn.

Ekòló kò ní ojú, kò sì ní ẹ̀dọ̀fóró. Awọ ara rẹ̀ ni ó fi ń mí. Ó ń jẹ ewé jíjẹrà àti erùpẹ̀, ìgbẹ́ rẹ̀ a sì sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Àwọn àgbà ní bí ekòló bá júbà ilẹ̀, ilẹ̀ a lanu. Ilẹ̀ tí ó lanu fún un kò pàdánù.

Aràn inú kò rí bẹ́ẹ̀: oúnjẹ ẹni ẹlẹ́ni ni ó ń jẹ. Abo rẹ̀ kan lè yé tó 200,000 ẹyin lójúmọ́. Ìgbẹ́ ènìyàn ni ó ń gbé ẹyin náà dé ilẹ̀. Ọwọ́ àìfọ̀ ni ó ń dá a padà sẹ́nu.

Sòbìà ni ẹ̀kẹta. Ẹni tí ó bá mu omi adágún lè gbé kòkòrò omi kékeré tí ọmọ sòbìà wà nínú rẹ̀ mì. Ní bí ọdún kan lẹ́yìn náà, sòbìà tí ó lè gùn tó mítà kan yóò dá ẹsẹ̀ lu. Bí aláìsàn bá ti ẹsẹ̀ bọ omi kí ó lè tù ú, sòbìà a tu ọmọ rẹ̀ sínú omi náà.

Òwe wa ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là ń ké sí. Òótọ́ ni; ṣùgbọ́n nígbà tí a bá ń ké sí ewé yẹn, ó ti tó ọdún kan tí a ti mu omi náà. Ní ọdún 1988, aláìsàn tí a kà ní Nàìjíríà lé ní 650,000. Kò sí abẹ́rẹ́ àjẹsára, kò sí oògùn tí ó ń pa á. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi, omi mímọ́, àti àìjẹ́ kí aláìsàn wọ omi mímu ni ó ṣẹ́gun rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2008 ni a rí aláìsàn ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí sí i.

Lónìí, àwọn ọmọ wa ń pa òwe sòbìà láìmọ sòbìà. Bí a kò bá túmọ̀ rẹ̀ fún wọn, ọ̀rọ̀ náà yóò kù, ọgbọ́n inú rẹ̀ yóò lọ. Aràn sì ṣì wà láàárín wa. Aṣọ ìsẹ́mi ni olúgànbe tí ó tètè dé. Ẹ jẹ́ kí ọwọ́ fífọ̀ àti ilé ìgbẹ́ jẹ́ olúgànbe ti aràn.