Ọmú Ìyá àti Mílíìkì Inú Agolo



Ọ̀rọ̀ ọmọ ọwọ́ ni a mú wá. Oṣù 6 ni àwọn oníṣègùn ní kí ọmọ fi mu ọmú nìkan. Ṣùgbọ́n ìyá tí ń pàtẹ l'Ọ́jà'ba níláti wá oúnjẹ òòjọ́. Bí ó bá fi mílíìkì agolo kún un, a kò dá a lẹ́bi. Kí ó sáà mọ̀ pé bí ọmọ bá ti ń fà á ni ọmú ń wá. Darandaran mọ èyí: màálù tí a kò fún wàrà rẹ̀ mọ́, wàrà rẹ̀ a gbẹ. Nítorí náà, ọmú ni kí ó ṣáájú, kí agolo tẹ̀lé e. L'óru, ọmú nìkan.

Agolo wọ́n. Ẹlòmíràn a bu omi là á kí ó lè pẹ́. Ikùn ọmọ a kún, ara rẹ̀ a máa joro. Àwọn olówò òkèèrè kan tilẹ̀ ti wọ aṣọ nọ́ọ̀sì fún àwọn tí ń bá wọn polówó rẹ̀ nílẹ̀ Áfíríkà, kí Àpérò Ìlera Àgbáyé tó gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1981.

Ẹ se omi rẹ̀ hó. Ife tí a fọ̀ mọ́ sàn ju ìgò onírọ́bà lọ. Èyí tí ọmọ kò bá mu tán láàárín wákàtí kan, ẹ dà á nù, bí ó ti wù kí ó dùn yín tó.