Ìyà Tó Wà Lẹ́yìn Ẹ̀wọ̀n: Òfin Amẹ́ríkà àti Àwọn Tó Fi Ohun Ìjà Ránṣẹ́ Sókè Òkun Láìgbàṣẹ

Ẹni tí ilé ẹjọ́ Amẹ́ríkà bá dá lẹ́bi pé ó fi ohun ìjà ránṣẹ́ sílẹ̀ òkèèrè láìgbàṣẹ kò tíì bọ́ lọ́wọ́ ìyà lọ́jọ́ tó san owó ìtanràn tán, tàbí lọ́jọ́ tó jáde lẹ́wọ̀n. Ìyà mìíràn ṣì wà tí adájọ́ kì í kà jáde nínú ilé ẹjọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ní Washington ló ń pàṣẹ rẹ̀, wọ́n á sì tẹ àṣẹ náà sínú Federal Register, ìwé ìkéde ìjọba àpapọ̀ tó ń jáde lọ́jọ́ iṣẹ́ gbogbo. Wọ́n á gba àǹfààní ìkẹ́rùjáde lọ́wọ́ ẹni náà. Fún ọdún mẹ́ta, tàbí mẹ́wàá, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kò gbọdọ̀ lọ́wọ́ nínú ẹrù tí àṣẹ náà kàn, bí ẹrù náà bá ti ń kúrò ní Amẹ́ríkà.

Lójú òfin Amẹ́ríkà, kíkó ọjà lọ sókè òkun kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí a bí mọ́ ènìyàn. Àyè tí ìjọba yọ̀ǹda ni, ìjọba sì lè gbà á padà. Ní ti ohun ìjà, òfin tó ṣe gbòógì ni Arms Export Control Act ti ọdún 1976. Òun ló fún ààrẹ lágbára láti to orúkọ àwọn ohun ìjà àti ohun èlò ogun tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ jáde láìní ìwé àṣẹ. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ tẹ òfin náà lójú lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún 20 jura, ó sì lè san ìtanràn mílíọ̀nù kan dọ́là lórí ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan.

Irin àti ẹ̀tù nìkan kọ́ ni òfin yìí kà sí ohun ìjà. Ó ka ìmọ̀ mọ́ ọn. J. Reece Roth, ọ̀jọ̀gbọ́n ní University of Tennessee, ń ṣe ìwádìí kan tí ọmọ ogun òfuurufú Amẹ́ríkà náwó sí, lórí bí a ṣe lè fi plasma darí ọkọ̀ òfuurufú tí kò ní awakọ̀. Ó jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ méjì, ọmọ Ṣáínà kan àti ọmọ Iran kan, mọ̀ nípa iṣẹ́ náà ní Knoxville. Ní ọdún 2006 ó gbé kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀ lọ sí Ṣáínà pẹ̀lú ìwé iṣẹ́ náà nínú rẹ̀. Ìbọn kan kò kúrò nílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2008, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ dá a lẹ́bi lórí ẹ̀sùn 18, wọ́n sì rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní oṣù Kìíní ọdún 2011, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sọ pé bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ohun tí òun ń ṣe lòdì sófin, ó tó; kò di ìgbà tó bá mọ̀ pé orúkọ ohun náà wà nínú ìwé àkójọ ìjọba. Fífi irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀ han àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú gbére, kódà lórí ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ìkẹ́rùjáde ni lójú òfin. Ó yẹ kí àwọn ọ̀mọ̀wé ọmọ Yorùbá tó wà nínú yàrá ìwádìí lọ́hùn-ún fi èyí sọ́kàn dáadáa, nítorí ẹni tó ń kọ́ni àti ẹni tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ̀rọ̀ kàn.

Iléeṣẹ́ ìjọba méjì ló pín iṣẹ́ yìí ṣe. State Department, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, ló ń mójú tó ohun èlò ogun gan-an, bíi mísáìlì, ọkọ̀ òfuurufú ológun àti awò tí ọmọ ogun fi ń ríran lóru. Commerce Department, tó ń rí sí okòwò, ló ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ìyókù, láti orí kọ̀ǹpútà dórí ẹ́ńjìnnì mọ́tò, ẹ̀ka rẹ̀ tó sì ń ṣe é ni Bureau of Industry and Security, tí wọ́n ń pè ní BIS. Láti ọjọ́ 9 oṣù Kẹta ọdún 2020, ọ̀pọ̀ ìbọn ìléwọ́ àti ìbọn ọdẹ ti kúrò lábẹ́ State Department bọ́ sábẹ́ BIS.

Ìfòfindè ti State Department kò ní àròyé nínú. Òfin 1976 fúnra rẹ̀ ló sọ pé wọn kò gbọdọ̀ fún ẹni tó jẹ̀bi ní ìwé àṣẹ mọ́, àfi bí wọ́n bá yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò lọ́tọ̀. Ìfòfindè náà máa ń tó ọdún mẹ́ta, ó sì mọ sórí ohun ìjà àti ohun èlò ogun. Agbára ti BIS wà nínú Export Administration Act ti ọdún 1979 tẹ́lẹ̀. Lónìí ó wà nínú Export Control Reform Act ti oṣù Kẹjọ ọdún 2018. BIS lè gba àǹfààní ìkẹ́rùjáde lọ́wọ́ ènìyàn fún odidi ọdún 10 láti ọjọ́ ìdálẹ́bi. Ẹni tó jẹ̀bi fàyàwọ́, iṣẹ́ amí, tàbí irọ́ pípa fún òṣìṣẹ́ ìjọba lè bọ́ sínú àwọ̀n kan náà. Èyí ló sì wúwo jù, nítorí pé gbogbo ọjà tó wà lábẹ́ àkóso BIS ló kàn, ìyẹn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tí oníṣòwò lè kó jáde ní Amẹ́ríkà.

Ká ní ọkùnrin kan ń ra mọ́tò àlòkù ní Houston, ó ń fi wọ́n ránṣẹ́ sí èbúté Tin Can l'Ékòó. Ká ní wọ́n bá ìbọn ìléwọ́ mélòó kan nínú táyà tó wà ní búùtù ọ̀kan nínú wọn, ó sì lọ sẹ́wọ̀n lórí rẹ̀. Bí BIS bá fòfin dè é, ìbọn nìkan kọ́ ni kò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ mọ́. Tòkunbọ̀ tó ń fi jẹun pàápàá ti di èèwọ̀. Kò gbọdọ̀ béèrè fún ìwé àṣẹ, kò gbọdọ̀ dúnàádúrà, kò gbọdọ̀ rà, kò gbọdọ̀ tà, kò gbọdọ̀ gbé e, kò gbọdọ̀ tọ́jú rẹ̀ síbì kan, bí ọjà náà bá ti ń lọ sókè òkun. Bí ó bá ní kí ìyàwó òun dá iléeṣẹ́ sílẹ̀ kí wọ́n máa fi orúkọ ìyẹn ṣe é, òfin ti rò ó síwájú rẹ̀. Wọ́n lè kọ orúkọ ẹni tó bá a tan nínú òwò mọ́ tirẹ̀, bí wọ́n bá ti fún ẹni náà láyè láti fèsì.

Àṣẹ náà de àwọn ẹlòmíràn pẹ̀lú. Aṣojú tó ń bá a di kọ̀nténà, ẹni tó yá a lówó ọjà, oníṣòwò tó bá a kó ẹrù tirẹ̀ mọ́ ti ara rẹ̀: kò sí èyí tó gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, ẹni tó bá sì ràn án lọ́wọ́ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tirẹ̀. BIS ń gbé orúkọ àwọn tí wọ́n fòfin dè sórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé òun kò mọ̀. Nínú púpọ̀ nínú àwọn ìwé àṣẹ wọ̀nyí, àdírẹ́sì ọgbà ẹ̀wọ̀n ló wà lábẹ́ orúkọ, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n, nítorí ẹni náà ṣì ń ṣẹ̀wọ̀n lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí ìwé jáde. Ìjọba kò nílò ọlọ́pàá púpọ̀ láti mú àṣẹ yìí ṣẹ. Ìbẹ̀rù àwọn oníṣòwò yòókù ló ń bá a ṣọ́ ọ.

Kò sí ẹjọ́ tuntun kí àṣẹ yìí tó jáde. Bí BIS bá ti gbọ́ pé ilé ẹjọ́ ti dá ẹnì kan lẹ́bi, wọ́n á kọ̀wé sí i pé kó sọ tẹnu rẹ̀ lórí ìwé. Ẹjọ́ tí wọ́n ti dá kọ́ ni yóò máa rò. Ohun tó lè sọ ni ìdí tí kò fi yẹ kí wọ́n fòfin dè é, tàbí tí ó fi yẹ kí ọdún rẹ̀ dín kù. Bí ìpinnu wọn kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní ọjọ́ 45 láti gbé e lọ sọ́dọ̀ igbákejì akọ̀wé ìjọba tó ń ṣàkóso ẹ̀ka náà.

Àwọn kan yóò ní ìyà yìí ti pọ̀ jù fún ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Apapa ní oṣù Kẹwàá ọdún 2010. Kọ̀nténà 13 tó ti Iran wá wà níbẹ̀, ìwé wọn sì sọ pé ohun èlò ìkọ́lé ló wà nínú wọn. Nígbà tí àwọn aláàbò tú wọn, rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ọta ni wọ́n bá níbẹ̀. Ní ọdún 2013, Ilé Ẹjọ́ Gíga ti Ìjọba Àpapọ̀ l'Ékòó rán ọmọ Iran kan àti ọmọ Nàìjíríà kan lọ sẹ́wọ̀n ọdún márùn-ún lórí ọ̀rọ̀ náà. Ìwé ni ẹrù bẹ́ẹ̀ ń bá rìn. Ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń parọ́ sínú ìwé ẹrù, tó mọ aṣojú tí kì í béèrè ọ̀rọ̀, tó mọ èbúté tí wọn kì í yẹ ẹrù wò dáadáa, mú ìmọ̀ yẹn wọ ẹ̀wọ̀n, yóò sì mú un jáde. Nílẹ̀ tí àwọn ajínigbé ń fi ìbọn da abúlé rú, kò sí bí a ṣe lè pe kíká irú ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò ní ìwà ìkà.

Ibi tí òfin náà ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kì í bá ńlá àti kékeré wí bákan náà. Ní oṣù Kẹta ọdún 2007, iléeṣẹ́ ITT gbà pé òun jẹ̀bi: ó ti fi àlàyé iṣẹ́ ẹ̀rọ nípa awò òru ránṣẹ́ sí Ṣáínà, Singapore àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láìgbàṣẹ. Mílíọ̀nù 100 dọ́là ni wọ́n bù lé e, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù 50 nínú rẹ̀ ni wọ́n ní kó ná sórí ìmúgbòòrò awò òru kan náà. Ìfòfindè náà kò dé orí gbogbo iléeṣẹ́ ọ̀hún. Awò rẹ̀ sì làwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ń lò lójú ogun.

Ọ̀rọ̀ iléeṣẹ́ ZTE ti Ṣáínà tún hàn ju ìyẹn lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ tó lọ sí Iran ló fa tirẹ̀, kì í ṣe ohun ìjà. Ní ọdún 2017 ó gbà pé òun jẹ̀bi, ìtanràn rẹ̀ sì lé ní bílíọ̀nù kan dọ́là; wọ́n so ìfòfindè ọdún méje rọ̀ sí i lórí. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2018, BIS ní ó ti parọ́ fún àwọn, wọ́n sì já ìfòfindè náà lé e lórí. Kò pé oṣù kan tí iléeṣẹ́ ńlá náà fi dá ọ̀pọ̀ iṣẹ́ rẹ̀ dúró, nítorí kò rí ẹ̀yà ẹ̀rọ Amẹ́ríkà rà mọ́. Ààrẹ Trump dá sí i, ZTE san bílíọ̀nù kan dọ́là mìíràn, ó fi mílíọ̀nù 400 sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìdógò, ìfòfindè sì kúrò lórí rẹ̀ ní oṣù Keje. Oníṣòwò kékeré tí kò ní ààrẹ tó lè bá a sọ̀rọ̀ yóò lo ọdún 10 tirẹ̀ pé pérépéré. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀.

Ìfòfindè BIS ní ọjọ́ tí yóò parí nínú ìwé àṣẹ náà. Bí ọjọ́ náà bá pé, ó tán. Ti State Department kì í tán fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé pé kí wọ́n dá òun padà sípò. Wọ́n á yẹ ohun tó fa ìdálẹ́bi rẹ̀ wò fínnífínní, wọ́n á bá iléeṣẹ́ ìjọba mìíràn fikùn lukùn, wọ́n á sì wò ó bóyá ó ti ṣe ohun tó lè mú kí ọkàn àwọn agbófinró balẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹni tí kò bá kọ̀wé, tàbí tó kọ̀wé tí wọn kò gbà á, ṣì wà lábẹ́ ìfòfindè, ìbáà jẹ́ ogún ọdún lẹ́yìn ìdájọ́, iléeṣẹ́ tó bá sì fẹ́ fi í sídìí òwò ohun ìjà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba àṣẹ lọ́tọ̀ lọ́wọ́ State Department.