Ìjàm̀bá Mọ́tò, Àìníwèé, àti Ẹ̀bẹ̀ Àgbà

(Ọ̀rọ̀ tí a bá Ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé oṣù yìí ní Ìdànrè)

 

Nígbà tí àwọn baba wa ń gbé orí òkè, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń gùn, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tí ó bá kọsẹ̀, ara rẹ̀ ni ó ṣe léṣe. Ayé ti yí padà. Mọ́tò ni ó ń kó kòkó wa lọ sí Àkúrẹ́ nísinsìnyí, bí ẹni tí ń wà á bá sì ṣe àṣìṣe, ara ẹlòmíràn ni ó sábà máa ń ṣe léṣe. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ̀rọ̀ lórí ẹni tí ó wa mọ́tò láìní láísẹ́ǹsì àti láìní ìnṣọ́ránsì, tí ìjàm̀bá sì ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ jẹ́wọ́ ẹ̀bi tiwa. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ọmọkùnrin kan tí a ti kọ́ ní ìwé rí gbé mọ́tò ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì fi kọ lu obìnrin kan tí ń ti oko bọ̀. Kò ní ìwé kankan. Àwa pẹ̀lú àwọn àgbà mẹ́rin lọ bẹ ẹbí obìnrin náà. A sọ fún wọn pé a kì í ti kóòtù bọ̀ kí a ṣọ̀rẹ́. Wọ́n gbà fún wa. Ọmọ náà fi ẹnu ṣèlérí pé òun yóò san owó ìtọ́jú, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò kọ ọ́ sílẹ̀. Kò pẹ́ tí ó fi kúrò ní ìlú. Obìnrin náà ń tiro títí di òní, àwọn ọmọ rẹ̀ ni ó sì san gbogbo owó náà. Nígbàkígbà tí ó bá kí wa lọ́nà, ìkíni rẹ̀ a máa gún wa lọ́kàn.

Ohun tí a kò mọ̀ lọ́jọ́ náà ni pé ọ̀ràn mẹ́ta ni ó wà nínú irú ìjàm̀bá bẹ́ẹ̀.

Èkíní ni ti ìwé. Wíwa mọ́tò láìní láísẹ́ǹsì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, bí ìjàm̀bá kò tilẹ̀ ṣẹlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìnṣọ́ránsì: láti ọdún 1945 ni a ti ṣe òfin pé kí olówó mọ́tò san án nítorí ẹlòmíràn tí ọkọ̀ rẹ̀ lè pa lára. Òfin ọdún 2003 fi ìtanràn ₦250,000, tàbí ẹ̀wọ̀n ọdún kan, tàbí méjèèjì lé e. Òfin tuntun rọ́pò rẹ̀ ní ọdún 2025, ṣùgbọ́n ọ̀ranyàn náà kò kúrò. Ìnṣọ́ránsì tí a bá sì rà lẹ́yìn ìjàm̀bá kò lè san gbèsè àná.

Èkejì ni ti ìwàkuwà lójú ọ̀nà. Ìjọba ni ó ni ẹjọ́ yìí. Bí ẹbí tilẹ̀ dárí jì í, ìjọba lè pè é lẹ́jọ́ síbẹ̀, ẹni tí ó bá sì gba owó láti bo ọ̀ràn ńlá mọ́lẹ̀, òun náà ti rú òfin. Ṣùgbọ́n kí ọ̀dọ́ má ṣe sọ ìrètí nù: àìní láísẹ́ǹsì nìkan kò fi hàn pé òun ni ó fa ìjàm̀bá. A gbọ́dọ̀ fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀.

Ẹ̀kẹta ni gbèsè tí a jẹ ẹni tí ó fara pa. Níbi tí kò bá sí ìnṣọ́ránsì, àpò ẹni tí ó jẹ̀bi ni yóò ti jáde, ó sì lè kan ẹni tí ó yá a ní mọ́tò. Bí kò bá lè san án lẹ́ẹ̀kan, ó lè bẹ kóòtù kí òun máa san án díẹ̀díẹ̀.

Kí ni kí ó ṣe, nígbà náà? Kí ó dúró. Kí ó má ṣe sá. Bí àwọn èrò bá fẹ́ lù ú, kí ó gba tésàn ọlọ́pàá lọ tààrà. Kí a pe 122, tí í ṣe nọ́mbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, kí a sì gbé ẹni tí ó fara pa lọ sí ilé ìwòsàn. Òfin ìlera ti ọdún 2014 kọ̀ fún ilé ìwòsàn láti lé irú ẹni bẹ́ẹ̀ padà. Ìtanràn ₦100,000, tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, tàbí méjèèjì ni ìjìyà rẹ̀. Kí ó má ṣe fi ẹlòmíràn tí ó ní láísẹ́ǹsì rọ́pò ara rẹ̀: bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ yóò bá a.

Ní tésàn, kí ó sọ orúkọ àti ilé rẹ̀. Òfin-ìpìlẹ̀ ọdún 1999 fún un láàyè láti dákẹ́ lórí ìyókù títí yóò fi rí lọ́yà. Bí kóòtù bá wà láàrin kìlómítà 40, ọjọ́ kan péré ni a lè dá a dúró kí a tó mú un dé ibẹ̀. Àkúrẹ́ kò sì jìnnà tó bẹ́ẹ̀ sí wa. Ọ̀fẹ́ ni béèlì ọlọ́pàá. Òtòṣì tí kò lè gba lọ́yà lè tọ Legal Aid Council lọ.

Ẹ̀yin Olóyè wa, a kò wí pé kí ẹ̀bẹ̀ parí nílẹ̀ Yorùbá. Ọ̀ràn kẹta ni àyè ẹ̀bẹ̀ wà. A bẹ̀ yín, bí wọ́n bá kó irú ọ̀rọ̀ yìí wá sí ààfin tàbí sí ẹ̀dẹ̀ yín, kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè pé, “Ta ni ń tọ́jú ẹni tí ó fara pa?” Kí a kọ àdéhùn sílẹ̀, iye owó àti ọjọ́ tí a óò san án, kí onídùúró fi ọwọ́ sí i. Kí ẹnikẹ́ni má sì fi ẹ̀bẹ̀ dí ọ̀nà kóòtù.

Láti ọdún 2023 ni a ti fi owó ìnṣọ́ránsì mọ́tò ilé sí ₦15,000 lọ́dún, ó sì lè san tó ₦3,000,000 lórí dúkìá ẹlòmíràn tí ó bàjẹ́. Èyí kò pọ̀ jù fún ẹni tí ó lówó ra mọ́tò. Kí olúkúlùkù wa wo inú ọkọ̀ rẹ̀ kí ó tó wa á lọ sílé lálẹ́ òní. Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò bá pé, kí ó fún ẹni tí tirẹ̀ pé ní kọ́kọ́rọ́.